Ọ́tánétọ̀ Jíìpù Àtijọ́: Áńpù Mélòó Ló Tó?

Bí jíìpù bá ti lé ní ogún ọdún, tí olówó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan tuntun lé e lórí, ìbéèrè kan kì í pẹ́ yọjú. Wọ́n ti so iná ńlá mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n ti gbé fíríìjì sẹ́yìn, wọ́n ti de wíǹṣì mọ́ bọ́ńpà, éésì ń fẹ́, rédíò ń ké. Tó bá wá di alẹ́, tí ọkọ̀ dúró díẹ̀, iná iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wáìpà á máa wọ́ ẹsẹ̀. Réwáyà á ní ọ́tánétọ̀ ti kéré, kí wọ́n lọ ra èyí tó tóbi wá. Èyí tó tóbi wà lóòótọ́. Ó wà ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, àwọn ará Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà náà sì ń ta tiwọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti rà á, tí iná ọkọ̀ wọn kò sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n tẹ̀ sára ọ́tánétọ̀ kọ́ ló yẹ kí ẹni tó ní jíìpù kọ́kọ́ wò. Iye iná tó lè mú wá nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń rọra yí, tí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ti gbóná janjan, ni kó wò. Ohun tó kàn lẹ́yìn ìyẹn ni iye tí wáyà ọkọ̀ lè gbé dé ọ̀dọ̀ bátìrì. Ẹni tó bá fi méjèèjì yìí sílẹ̀, bó ra ti áńpù 200, owó ló sọ nù.

Dáínámò ni ọkọ̀ ń lò tẹ́lẹ̀. Land Rover tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní Amsterdam ní 1948, dáínámò ló gbé wá. Èyí tí Series II lò lẹ́yìn náà, Lucas C40, kò ju áńpù 22 lọ. Àìsàn dáínámò ni pé bí ẹ́ńjìnì bá ń rọra yí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nǹkan kan jáde rárá. Ọkọ̀ Valiant tí ilé iṣẹ́ Chrysler gbé jáde fún ọdún 1960 ló sọ ọ́tánétọ̀ di ohun tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán ń lò, torí pé dáódì ti wá di ohun tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n nígbà náà. Land Rover kò tètè tẹ̀ lé wọn. Ó di 1971, nígbà tí Series III jáde, kí ọ́tánétọ̀ Lucas 16ACR tó di tirẹ̀, áńpù 34 péré. Irú Land Rover bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà kan, Leyland tilẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀. Áńpù 34 sì tó wọn nígbà náà, torí kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Gílóòbù iwájú méjì, ti ẹ̀yìn, wáìpà, fèrè. Kò sí éésì, kò sí kọ̀ǹpútà inú ẹ́ńjìnì.

Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní àárín ọ́tánétọ̀ ni kọ́ìlì kan wà tí èékánná irin bò lọ́tùn-ún lósì. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ló ń yí i. Kábọ̀n méjì kéékèèké fara ti òrùka bàbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ sì ni iná díẹ̀ ti ń wọlé láti sọ irin náà di mágínẹ́ẹ̀tì. Bí mágínẹ́ẹ̀tì yìí ti ń yí, iná ń dìde nínú wáyà mìíràn tí wọ́n wé sára igbá tó yí i ká. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni, dáódì mẹ́fà ló ń darí rẹ̀ sójú kan kí bátìrì tó lè gbà á. Rẹ́gúlétọ̀ ń ṣọ́ fólítì. Bó bá ti ń ju 14 àti díẹ̀ lọ, á dín iná tó ń wọ mágínẹ́ẹ̀tì kù. Bó bá ń lọ sílẹ̀, á fi kún un.

Ohun méjì ló ń sọ iye tí ẹ̀rọ yìí lè mú wá: bó ṣe ń yára yí tó, àti bó ṣe gbóná tó. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ẹ jẹ́ ká ní 80 tàbí 130, jẹ́ ti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá ń yí ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí jíìpù bá dúró láì tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnì lè máa yí ìgbà 700. Bí púlì ẹ́ńjìnì bá tóbi ju ti ọ́tánétọ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀, ìgbà 1,750 ni ọ́tánétọ̀ ń yí. Iye tó ń mú wá níbẹ̀ lè jẹ́ ìdajì ohun tí wọ́n kọ sí i, ó tilẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọ́tánétọ̀ Bosch, nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa ń tẹ̀, bíi 45/80. Èkíní jẹ́ ti ìgbà tó bá ń rọra yí, èkejì jẹ́ ti eré. Ó wù mí kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí nọ́ńbà èkíní yẹn gan-an ni ẹni tó ń wa jíìpù wọ igbó nílò.

Ooru wá ń fa tiẹ̀ kún un. Bàbà tó bá gbóná sí i ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 100, ìdènà rẹ̀ fún iná á fi bí ìdá méjì nínú márùn-ún lé sí i. Kọ́ìlì tó ń sọ irin di mágínẹ́ẹ̀tì kò ní rí iná gbà tó bó ṣe yẹ mọ́, mágínẹ́ẹ̀tì náà á rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ́tánétọ̀ tó dára láàárọ̀ fi ń ṣe bí ẹni tó ti rẹ̀ lọ́sàn-án.

Nínú igbó, jíìpù kì í sáré. Ó wà nínú jíà tó rẹlẹ̀, ó ń rọra gun òkè tàbí ó ń wọ́ nínú ẹrẹ̀, atẹ́gùn kò wọlé dáadáa, gbogbo iná sì wà ní títàn. Ẹni tó ń gbé Èkó kò tilẹ̀ nílò igbó kankan láti rí irú rẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wákàtí méjì lójú oòrùn, tí éésì ń ṣiṣẹ́ láì dánu dúró, ohun kan náà ló ń ṣe fún ọ́tánétọ̀.

Kí èèyàn tó ra ohunkóhun, kó jókòó ṣe ìṣirò ohun tó ń lò. Gílóòbù iwájú méjì oníwáàtì 55 ń jẹ bí áńpù mẹ́jọ. Fíríìjì inú ọkọ̀ tó ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń jẹ bíi mẹ́rin sí márùn-ún nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Fáànù éésì àti ti ìtutù ẹ́ńjìnì lè jẹ ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnì onípẹtiróòlù tó ní kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú pọ́ńpù epo rẹ̀, lè gba bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí wọ́n bá fi wáìpà, iná ẹ̀yìn àti iná àfikún sí i, á sún mọ́ 55 tàbí 60, bátìrì alára kò sì tíì gba tirẹ̀. Ẹ wá fi wé ohun tí ọ́tánétọ̀ áńpù 80 lè ṣe nígbà tí ọkọ̀ dúró. Ibẹ̀ ni àìsàn wà. Nígbà mìíràn, oògùn tó rọrùn jù ni kí wọ́n pààrọ̀ iná àfikún sí ti LED, èyí tó lè fi ogún wáàtì ṣe ohun tí gílóòbù àtijọ́ ń fi 55 ṣe. Mo ti rí jíìpù tí kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn èèyàn máa ń fi wíǹṣì ṣe àwíjàre. Wíǹṣì tó ń fa ẹrù ńlá lè gba ju áńpù 400 lọ nígbà tó bá ń fa pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kò sì sí ọ́tánétọ̀ jíìpù tó lè bọ́ ọ. Bátìrì ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Bí wíǹṣì bá fi ìṣẹ́jú kan gba áńpù 400, ohun tó jẹ nínú bátìrì kò tó áńpù-wákàtí méje, ọ́tánétọ̀ tó ní áńpù 40 tó ṣẹ́ kù á sì dá a padà láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí wíǹṣì nílò ni bátìrì tó le, wáyà tó nípọn, àti kí awakọ̀ máa sinmi láàárín ìfà kan sí èkejì. Bákan náà ni bátìrì kejì tí wọ́n ń fi kún ọkọ̀: ibi ìpamọ́ ló jẹ́, kò lè pèsè iná tí ọ́tánétọ̀ kò mú wá.

Ọ̀rọ̀ wáyà ló kàn, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Ká ní wáyà tó ti ara ọ́tánétọ̀ lọ sí bátìrì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀, tí áńpù 100 sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ wáyà 6mm², bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, fólítì tó ń ṣègbé lójú ọ̀nà tó 0.58. Bó bá jẹ́ 16mm², ó jẹ́ 0.22. Bó bá jẹ́ 35mm², ó jẹ́ 0.1. Ọ́tánétọ̀ ń mú 14.2 jáde, ṣùgbọ́n 13.6 ló ń dé orí bátìrì pẹ̀lú wáyà kékeré yẹn, bátìrì ò sì lè kún dáadáa pẹ̀lú ìyẹn. Ohun tó ṣègbé náà kò sì lọ lásán, ó ń di ooru nínú wáyà tí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ láti ọdún gbọọrọ. Ìdá kejì ọ̀rọ̀ náà ni áàsì. Gbogbo iná tó bá jáde gbọ́dọ̀ padà, ara ẹ́ńjìnì àti ara ọkọ̀ ló sì ń gbà padà. Wáyà áàsì tó ti dípẹtà láàárín ẹ́ńjìnì àti ṣásì lè jẹ fólítì tó pọ̀ ju ti wáyà pupa lọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ́tánétọ̀ tí wọ́n jù nù ló jẹ́ pé áàsì ló bà wọ́n lórúkọ jẹ́.

Ọ̀nà tí èèyàn fi ń mọ̀ kò gba ju mítà onínọ́ńbà kan tí wọ́n ń tà lójú títì. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ tan iná iwájú, éésì àti fáànù. Ẹ fi imú pupa mítà kan ojú B lẹ́yìn ọ́tánétọ̀, ẹ fi dúdú kan orí pọ́sítífù bátìrì. Bó bá ju 0.2 tàbí 0.3 lọ, wáyà ló ń jìyà. Ẹ gbé imú kan lọ sára igbá ọ́tánétọ̀, èkejì sórí nẹ́gẹ́tífù, ẹ tún wò ó. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀, ó sì lè gba èèyàn lọ́wọ́ owó tó pọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá gbé ọ́tánétọ̀ ńlá wọlé, wáyà tuntun gbọ́dọ̀ bá a wọlé, kí ó lọ tààrà sí bátìrì, pẹ̀lú fíúsì ńlá tó wà nítòsí bátìrì. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, pàápàá ti Chrysler àti Dodge àtijọ́, gbogbo iná ló ń gba inú aago áńpù tó wà níwájú awakọ̀ kọjá. Áńpù 30 ni wọ́n ṣe aago yẹn fún, tàbí 40. Ẹni tó bá ti 100 gba ibẹ̀ ń wá iná tí yóò jó ọkọ̀ rẹ̀ láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí wọ́n yọ aago áńpù kúrò lójú ọ̀nà, kí wọ́n fi aago fólítì dípò rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo bẹ gbogbo réwáyà wa pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ́tánétọ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á tan ẹ́ńjìnì, wọ́n á sì já orí bátìrì kúrò. Bí ẹ́ńjìnì kò bá kú, wọ́n á ní ó dáa. Bátìrì ló ń gba ìjayà fólítì mọ́ra. Lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n já a, fólítì lè fò lọ sókè ju 40 lọ, kí rẹ́gúlétọ̀ tó rí i, dáódì, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì tàbí rédíò ti lè bá a lọ. Ọkọ̀ àtijọ́ onídáínámò gba irú àyẹ̀wò yìí. Ti ìsinsìnyí kò gbà á.

Ọ̀nà ìpààrọ̀ wá pọ̀, ó sì kù sọ́wọ́ ọkọ̀ tí èèyàn ní. Ìlànà mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wá ọ́tánétọ̀ tó tóbi nínú ìdílé ilé iṣẹ́ kan náà, torí ìdè, púlì àti ìmọ̀ nípa wáyà á sún mọ́ra. Lára Land Rover Series III, ẹ lè gbé 18ACR áńpù 45 sípò 16ACR láì yí ohun púpọ̀ padà, ẹlòmíì sì ti gbé A127 áńpù 65 ti Defender síbẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn ti General Motors lára Jeep àtijọ́: 10SI, tí rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ wà nínú, lẹ́yìn náà CS130 àti CS144. CS130 lágbára, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kéré, ooru sì máa ń pa á. Bó bá jẹ́ èmi, CS144 ni mo máa mú níbi tí àyè bá wà. Ní ti Jeep Cherokee láti 1991, rẹ́gúlétọ̀ kò sí nínú ọ́tánétọ̀ mọ́, inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú mìíràn síbẹ̀ gbọ́dọ̀ wá rẹ́gúlétọ̀ òde fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó dúró sọ́dọ̀ ọ́tánétọ̀ Denso tó tóbi láti ara àwọn ọkọ̀ Chrysler mìíràn.

Toyota Land Cruiser 80 ẹlẹ́ńjìnì 4.5 onípẹtiróòlù ló gbayì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Denso áńpù 80 ló bá a wá. Ti Tundra àti Sequoia ẹlẹ́ńjìnì V8, tó jáde láti ìgbà ọdún 2000, lè tó 130 tàbí 150. Àwọn tó ń gbé e wọlé máa ń gbé púlì àtijọ́ lé e lórí kí bẹ́líìtì lè bá a mu, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ ẹnu wáyà rẹ̀ torí kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni Denso bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pẹlẹbẹ tó ṣù mọ́ra wé inú ọ́tánétọ̀, kí bàbà púpọ̀ lè wọ inú àyè kékeré. Ìdí nìyẹn tí ọ́tánétọ̀ tuntun kò fi tóbi lójú tó bí agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi bó bá jẹ́ dísẹ́lì Toyota àtijọ́, bíi 2L, 3B tàbí 2H. Lẹ́yìn ọ́tánétọ̀ wọn ni pọ́ńpù kan wà tó ń fa atẹ́gùn fún búréèkì. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò, tó gbé ọ́tánétọ̀ onípẹtiróòlù wọlé nítorí pé ìdè rẹ̀ bá a mu, ti gba ìrànlọ́wọ́ búréèkì lọ́wọ́ ọkọ̀ náà. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀, lórí òkè. Bákan náà, àwọn Land Cruiser àti Land Rover ológun kan jẹ́ onífólítì 24. Kí wọ́n mọ fólítì ọkọ̀ náà dájú kí wọ́n tó náwó.

Bẹ́líìtì kò ní jẹ́ kí a sùn pẹ̀lú. Áńpù 130 lórí fólítì 14 jẹ́ wáàtì 1,820. Nínú agbára tí ọ́tánétọ̀ ń gbà, ìdajì àti díẹ̀ péré ló ń di iná, nítorí náà ó ń fa agbára ẹṣin tó ju mẹ́rin lọ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì. Bẹ́líìtì onígun kan ṣoṣo á máa yọ̀, á máa ké, á máa jó púlì. Méjì ni kí wọ́n lò, tàbí bẹ́líìtì pẹlẹbẹ onílà púpọ̀.

Bátìrì AGM fẹ́ fólítì tó ga díẹ̀ ju ti rẹ́gúlétọ̀ àtijọ́ lọ. Lára Toyota, àwọn kan máa ń fi fíúsì tó ní dáódì nínú sójú wáyà tí rẹ́gúlétọ̀ fi ń wo bátìrì, èyí á sì gbé fólítì sókè ní bí ìdajì fólítì kan. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù yàtọ̀. Ó lè gba gbogbo ohun tí ọ́tánétọ̀ ní láìdákẹ́ títí ọ́tánétọ̀ á fi jó, nítorí náà kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbanásí tó ní ìwọ̀n sáàárín wọn.

Ní ti tòkunbọ̀, gílóòbù tí olùtajà ń fi dán an wò níwájú yín kò sọ ju pé iná ń jáde. Ẹ mi púlì rẹ̀ sókè sódò, ẹ yí i kí ẹ gbọ́ ìró bérìn, ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn kí ẹ rí gígùn kábọ̀n àti bóyá òrùka rẹ̀ ti jẹ wọnú. Ẹrẹ̀ inú igbó ló máa ń kọ́kọ́ pa ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́tánétọ̀ ni kábọ̀n tuntun tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ń jí dìde. Àwọn tó ń wé wáyà rẹ̀ ní tuntun kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tó dára, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ń tù ú kò yí padà, ooru ló sì sábà máa ń borí. Ọ́tánétọ̀ kejì lórí ẹ́ńjìnì kan, mi ò gbà á níyànjú, àfi fún ọkọ̀ tó gbé ilé ìwòsàn tàbí rédíò ńlá.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é tán, kí wọ́n wa ọkọ̀ náà fún wákàtí kan nínú oòrùn, kí wọ́n dúró, kí wọ́n tan ohun gbogbo, kí wọ́n má sì tẹ tọ́tù. Bí mítà bá ka 13.2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí bátìrì, iṣẹ́ ti parí. Bó bá wà lábẹ́ 13, tí wáyà àti áàsì sì mọ́, kí wọ́n dán púlì tó kéré díẹ̀ wò kí wọ́n tó ra ọ́tánétọ̀ mìíràn, kí wọ́n sì rí i dájú pé bẹ́líìtì ṣì gbá a mọ́ra dáadáa. Lára dísẹ́lì tí aago eré ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń gba àmì láti ojú W lẹ́yìn ọ́tánétọ̀, púlì kékeré yẹn á mú kí aago náà máa ka iye tó ga ju òótọ́ lọ, títí wọ́n á fi tún un ṣètò.